Òwú Tí Ọláyanjú Gé

Abẹ ti gé òwú náà dé ìdajì kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọláyanjú kúnlẹ̀ níwájú òfì àbúrò rẹ̀, ó ń gé e lọ. Ọwọ́ òsì ló fi mú abẹ, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò lè mú ohun tó tín-ín-rín mọ́. Òwú tí wọ́n ti ta, tí wọ́n fi òkúta fà gbọọrọ já àgbàlá, ń já lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí ọ̀kan bá ti já, yóò ká jọ sórí eruku.

Agboolé àwọn ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn lè bá ẹnì kejì rẹ̀ jà. Ó lè bú u. Ó lè yàn án lódì fún ọdún gbọọrọ, kí àwọn méjèèjì sì máa hun aṣọ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í gé òwú ẹlòmíràn lórí òfì. Wọn kì í ṣe é.

"Yéè! Ọláyanjú, kí lò ń ṣe yìí?"

Bàbá Ládòkun ló kígbe, àgbà gbogbo àwọn ahunṣọ agboolé náà.

"Ẹ bi Olúkúnlé," ni Ọláyanjú dáhùn. Kò gbé ojú sókè. "Ẹ bi í ní ohun tó fi ọwọ́ mi ṣe."

Olúkúnlé ń ti ìdí kànga bọ̀ pẹ̀lú garawa omi. Ó rí òwú nílẹ̀. Òwú aṣọ ìyàwó ni, pupa àti funfun, ó sì ti pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé omi kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"Mo bá ọ nídìí òfì mi láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ òfì bàbá wa wà lọ́wọ́ rẹ. Irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò purọ́."

"Ta ló rán ọ níbẹ̀?"

Olúkúnlé wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo àwọn ènìyàn tó ti ń pé jọ. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Ẹ má bínú," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ òfì ni igi kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀, tí ahunṣọ ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún, títí aṣọ yóò fi di aṣọ. Èyí tí à ń sọ yìí, bàbá wọn ló lò ó títí ó fi kú. Ọwọ́ Ọláyanjú tó jẹ́ àkọ́bí ló bọ́ sí. Nínú ẹbí wọn, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ òfì tí a jogún. Wọ́n gbà pé ọwọ́ ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀, àti pé ẹni tó bá jí i lò ti jí ọwọ́ náà lò.

Ọwọ́ Ọláyanjú sì ti ń ṣe é kí ọjọ́ yẹn tó dé. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e ló kọ́kọ́ ń kú. Á dà bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Lójú oorun, ọwọ́ náà á máa ta á bí ẹni fi ata sí i, á jí, á máa gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbẹ lọ, ibẹ̀ sì jin kòtò.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ yẹn ni ìgbéraga rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń ti Ìbàdàn wá béèrè aṣọ rẹ̀. Bí ahunṣọ kékeré bá kí i, ó lè má dáhùn. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n dá òun lóhùn, kó kọ́kọ́ hun aṣọ tí etí rẹ̀ tọ́."

Nísinsìnyí ó rò pé òun ti mọ ẹni tó gba ọwọ́ òun. Ó dúró, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ òsì, ó sì pariwo kí gbogbo agboolé lè gbọ́:

"Olè ọwọ́ ni yín, ìwọ àti ìyàwó rẹ!"

Orúkọ náà mọ́ Olúkúnlé lára. Àwọn ọmọdé gbé e. Àwọn ahunṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ òfì wọn wọlé bí ó bá ti ń bọ̀. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un kò wá mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ó kó Màríámù ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù díẹ̀ lé ọ̀kadà, wọ́n lọ sí Kómu láti máa ṣiṣẹ́ nínú oko kaṣú oníkaṣú. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìdí òfì ló dàgbà sí ni. Kò mọ oko.

Ọláyanjú jókòó nídìí òfì rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà náà kọjá. Kò dìde.

Ọwọ́ náà kò san.

Ó yẹ kí èyí là á lójú. Kò là á lójú. Ó ní, "Ó ti gbé e lọ sí Kómu ni."

Ó wá ọkùnrin kan lọ ní ẹ̀yìn ìlú Ìrawọ̀ tí wọ́n ní ó máa ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ àwọn aráyé. Ọkùnrin náà sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀tù dúdú pa á, ó sì so okùn awọ mọ́ ọn pinpin. Ó ní kò gbọdọ̀ tú u títí ọwọ́ yóò fi padà dé.

A ti ṣe ìrìbọmi fún Ọláyanjú o. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọ. Bó bá di Kérésìmesì, ó máa ń wọ aṣọ tó dára jù, á jókòó sẹ́yìn. Ó mọ orin. Ṣùgbọ́n Ìrawọ̀ ló sáré lọ nígbà tí ìpọ́njú dé.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Okùn awọ wọ inú ẹran. Àtẹ́lẹwọ́ le, ó ń dán, ó gbóná. Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀bẹ wá.

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tú okùn yìí."

"Fi í sílẹ̀."

"Ó ti ń rùn o."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀! Àbí ìwọ náà wà pẹ̀lú wọn?"

Fẹ́yìsetán fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Mákindé.

Mákindé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, àgbẹ̀ ni, onígbàgbọ́ sì ni. Ó dé, ó wo ọwọ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn awọ náà. Ọláyanjú fẹ́ na ọwọ́ òsì láti gbá a, kò ní agbára. Ibà ti mú un.

"Gbá mi tó bá yá," ni Mákindé wí. "Wọ bàtà rẹ. Ṣakí là ń lọ."

Ní ilé ìwòsàn ní Ṣakí, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíákíá. Ọyún ti kún inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ti kú pátápátá. Wọ́n gé e kúrò.

Obìnrin ni dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà. Dókítà Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ara Ọláyanjú balẹ̀ díẹ̀, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá, kí gbẹ́rẹ́ yìí tó wà, kí ló ń ṣe ọwọ́ yín?"

Ọláyanjú sọ ọ́. Kíkú ìka, èèrà, ata, ọkọ̀ òfì tó ń bọ́.

Dókítà gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan tọ́ka sí ọrùn ọwọ́. "Iṣan kan ń gba ibí kọjá. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn ìka wọ̀nyí mọ nǹkan lára. Ọ̀nà tó ń gbà kò fẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ bá ń ṣe léraléra lójoojúmọ́ láti kékeré lè mú kí inú ibẹ̀ wú, kí ó sì fún iṣan náà mọ́lẹ̀. Mo máa ń rí i lára àwọn ahunṣọ, lára àwọn tó ń gún iyán tà, lára àwọn aránṣọ. Ká ní ẹ tètè wá ni, à bá la ọ̀nà náà fún un ní ìwọ̀nba, ẹ̀ bá sì ti lọ sílé."

"Ẹnikẹ́ni ò fi ṣe mí?"

"Ta ni yóò fi ṣe yín, bàbá? Iṣẹ́ yín ni."

Ó dìde lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

Ọláyanjú kọjú sí ògiri. Bí Fẹ́yìsetán ṣe gbé ẹ̀kọ wá, kò jẹ ẹ́. Ohun tó ń rí ni òwú pupa àti funfun nínú eruku, àti ọkùnrin kan tó gbé omi kalẹ̀, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

Mákindé wá ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Àpá kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ ìka àárín.

"O ò mọ èyí, àbí? Ìka yìí ti há mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan. Bí mo bá ká a láti fi jẹ ẹ̀bà, kò ní nà mọ́. Ìyàwó mi ní mo fi ń fa ẹran inú ọbẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi ni."

Ọláyanjú fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò lè rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n là á fún mi níbí yìí. Ó nà." Mákindé ká ìka náà, ó nà án. "Ọláyanjú, ọwọ́ kọ́ ni wàhálà rẹ. Wọ́n ti la ọwọ́. Ọkàn rẹ ńkọ́?"

"Mo ti ṣe ohun búburú."

"Mo mọ̀. Gbogbo Ìsẹ́yìn ló mọ̀."

"Ṣé ó ní ètùtù?"

"Ẹnìkan ti ṣe é. Wọ́n fẹ̀sùn èké kan Jésù níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè dáhùn, kò dáhùn. Ó ru ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ìwọ lè bọ́. Gbà á lónìí." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Kí o sì pe àbúrò rẹ. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Wò ó, ó ti ń dún."

"Pa á!" Ọláyanjú na ọwọ́ òsì bo fóònù náà. "Pa á. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bí ọmọdé. Jẹ́ kí wọ́n tú báńdéèjì yìí. Màá ra òwú pupa àti funfun, gbogbo èyí tí mo gé. Màá gbé e dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Kómu, níwájú ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Jésù ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ kan náà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kí n tó wá bá a."

Mákindé wò ó pẹ́. Ó pa fóònù.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni Olúkúnlé pè padà. Mákindé sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wá rí i. Wọ́n ní ó pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí Mákindé sọ fún ẹ̀gbọ́n òun kó má gbé nǹkankan lọ́wọ́, kó ṣáà máa bọ̀.

Ọláyanjú ra òwú náà. Fẹ́yìsetán bá a ká a. Ó ń ka ọjọ́ tí wọn yóò tú báńdéèjì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú u ni fóònù Fẹ́yìsetán dún. Màríámù ni. Olúkúnlé ń ṣa kaṣú lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ejò wà nínú ewé gbígbẹ. Ibi tó ti bù ú ṣán lẹ́sẹ̀ jìnnà sí títì, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó rí mọ́tò. Kò dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí Ọláyanjú fi máa dé Kómu, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Erùpẹ̀ náà ṣì tutù.

Ó gbé òwú sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ibojì. Ó dúró. Òun ẹ̀gbọ́n ni, òun ló yẹ kí àbúrò sin. Mákindé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Màríámù jáde wá. Kò sunkún. Ó ti sun ún tán.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìmọ́lẹ̀."

"Màríámù, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó mọ̀. Ó ti gbá iwájú ilé sílẹ̀ dè yín."

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ń wo òwú náà.

"Ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe nídìí òfì yín lọ́jọ́ yẹn, àbí? Àwọn oníbàárà yín ti ń dá aṣọ padà. Etí rẹ̀ ti ń wọ́. Wọn kò lè bá yín sọ ọ́, ẹ̀rù yín ń bà wọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ó máa ń dìde kí ẹ tó jí, yóò tú ibi tí kò dára, yóò tún un hun. Ọkọ̀ òfì yín ló ń lò, torí inú rẹ̀ ni òwú yín wà, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀."

Ọláyanjú kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tí kò sọ? Níwájú gbogbo wọn níbẹ̀, kí ló dé tí kò sọ?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Mo bá a jà lé e lórí. Ó ní, 'Bí mo bá sọ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ta ni yóò tún gbé aṣọ fún un hun? Jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè.'"

Ewé kaṣú ń já lulẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọláyanjú wó sí. Ó dojú bolẹ̀ lórí erùpẹ̀ ibojì àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ní òun kò lè bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Olúkúnlé kò dáhùn.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Mákindé."

"Mo wà níbí."

"Ẹni tí o sọ fún mi ní Ṣakí. Ẹni tó lè dáhùn, tí kò dáhùn."

"Jésù ni."

"Mo ti rí irú rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, mi ò mọ̀. Ṣé ó lè gba irú mi?"

"Irú rẹ ló kú fún. Kì í ṣe pé kí o kọ́kọ́ tún nǹkan ṣe. Kò sí ohun tí o lè tún ṣe níbí yìí mọ́."

Ọláyanjú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, èyí tó pé àti èyí tí kò pé. Àdúrà rẹ̀ kò gùn.

"Jésù, èmi ni mo gé òwú náà. Gbà mí."

Jésù gbà á. Èmi tó ń kọ èyí mọ ọkùnrin náà, mo sì mọ̀ pé ó gbà á. Ó padà sí Ìsẹ́yìn. Ó dúró níwájú Bàbá Ládòkun àti gbogbo àwọn ahunṣọ, ní ibi tó ti pe àbúrò rẹ̀ lólè, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá Ládòkun bo ojú rẹ̀. Orúkọ búburú náà kúrò lára Olúkúnlé lọ́jọ́ náà. Olúkúnlé kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ó lè má jẹ́ òwú lo gé. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ lo pè ní àjẹ́, tàbí pé ọ̀rẹ́ rẹ lo bà lórúkọ jẹ́. O mọ ohun tí o ṣe. Ó lè jẹ́ pé okùn awọ kan wà lábẹ́ aṣọ rẹ báyìí bí o ti ń kàwé, tí o sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tú u.

Kì í ṣe Ọlọ́run ló fi ìdáríjì falẹ̀ fún Ọláyanjú. Ìdáríjì wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí Mákindé ti sọ ọ́ ní Ṣakí. Ọláyanjú ló ní kó dúró. Ó fẹ́ kí ọwọ́ san, kí òwú pé, kí ọ̀rọ̀ rí bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú ìdúró yìí ti mú lọ sí ìparun. Wọn kò kọ Jésù. Wọ́n ní kó dúró ni.

Má sọ pé kí Jésù dúró. Wá bó o ti rí, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un gan-an bó ṣe jẹ́, kí o sì ní kí ó gbà ọ́. Yóò gbà ọ́ lónìí. Bí o bá sì ti dìde, tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè, pè é. Má ra nǹkankan dè é. Pè é.

Ọláyanjú kò lè hun aṣọ mọ́. Ó ti gbé ọkọ̀ òfì bàbá wọn sórí òfì Olúkúnlé, ó fi díẹ̀ lára òwú pupa àti funfun náà sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀.